Odò Kékeré Kì í Ránṣẹ́ Ṣáájú

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, ààwẹ̀ Rámádáànì ti ń lọ sópin nígbà tí òjò ṣú bo Ìbàdàn. Kò rọ̀ ju wákàtí mẹ́rin àti díẹ̀ lọ. Kó tó dá, mìlímítà 187.5 omi ti balẹ̀, Odò Ọ̀nà ti kọjá etí rẹ̀, omi ti gun orí dáàmù Ẹlẹ́yẹlé, afárá Àpẹ́tẹ́ ti já, ọ̀pọ̀ afárá kéékèèké káàkiri ìlú sì ti bá a lọ. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, àgbàrá gbá ẹja inú adágún ọ̀sìn lọ. Àwọn tó kú lé ní 100. Omi bá àwọn kan nínú mọ́tò, ó bá àwọn kan nínú yàrá wọn, ó sì gbé àwọn mìíràn níbi tí wọ́n ti ń gbìyànjú láti kọjá afárá lọ sílé.

Àwọn tó dàgbà n'Ìbàdàn yára rántí Omíyalé ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980. Nígbà náà, Ògùnpa ni orúkọ rẹ̀ gba gbogbo ẹnu. Òjò rọ̀ fún ohun tó lé ní wákàtí 10, mìlímítà 274 ni wọ́n sì wọ̀n, èyí tó ju ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo òjò tí ìlú náà ń rí láàárín ọdún kan. Òkú tí wọ́n yọ lé ní 100, nǹkan bíi 50,000 ènìyàn ni kò sì rílé sùn mọ́. Bọ́lá Ìgè ni gómìnà, Ààrẹ Shehu Shagari wá fojú ara rẹ̀ rí i. Ọgbà Agodi, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, bá omi náà lọ.

Tí wọ́n bá gbé ìwọ̀n òjò méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ohun kan yọ jáde tí àwọn ènìyàn kì í sábà sọ. Òjò 2011 kéré sí ti 1980 dáadáa. Àmọ́ ti 1980 rọ̀ bíi mìlímítà 27 ní wákàtí kan, ti 2011 rọ̀ ju 40 lọ. Òǹkọ̀wé yìí ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wọn òjò, ó ti ka òṣùwọ̀n lára òpó afárá, ó ti bá àwọn olùdóòlà wá ènìyàn lẹ́yìn tí omi fà. Ohun tó gbà gbọ́ lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni pé bí omi ṣe yára dé ló ń pa ará ìlú ju bí ó ṣe pọ̀ tó lọ, àti pé àwọn odò tí ọmọdé ń fò kọjá nígbà ẹ̀rùn ló yẹ kí ìlú máa ṣọ́ jù.

Ẹni tó ní pílọ́ọ̀tì kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 lè fi ṣe ìṣirò. Mìlímítà kan òjò lórí mítà kan níbùú lóròó jẹ́ lítà omi kan. Nípa bẹ́ẹ̀, òjò ọjọ́ Ẹtì yẹn da ohun tó lé ní lítà 87,000 sórí pílọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, ìyẹn bíi 3,500 kẹ́ẹ̀gì onílítà 25, láàárín wákàtí mẹ́rin. Tí ilẹ̀ náà bá jẹ́ igbó tàbí oko, ewé gba díẹ̀, ilẹ̀ mu púpọ̀, ìyókù sì rọra wá ọ̀nà lọ. Tí ó bá jẹ́ òrùlé páànù àti ọgbà tí wọ́n fi kọ̀ǹkéré bò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gbogbo rẹ̀ ló jáde sójú títì láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Kí wọ́n wá ka pílọ́ọ̀tì tó wà láàárín Bódìjà sí Mọ́lété.

Ìlú yìí kò bẹ̀rẹ̀ nínú àfonífojì. Nígbà tí àwọn jagunjagun tẹ̀ ẹ́ dó ní nǹkan bíi 1829, orí òkè ni wọ́n wà, ní agbègbè Ọjà'ba àti Màpó, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Àwọn ará Ìbàdàn ṣì ń bọ Òkè'Bàdàn títí dòní nítorí pé òkè ló dáàbò bo àwọn baba ńlá wọn. Ọkọ̀ ojú irin ló yí ọ̀rọ̀ padà. Nígbà tí reluwé dé ní 1901, ìṣòwò sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a ní ìsàlẹ̀. Gbági àti Dùgbẹ̀ dìde ní àfonífojì Ògùnpa, ilé ìtajà tẹ̀ lé wọn, ilé gbígbé tẹ̀ lé ilé ìtajà. Odò tí àwọn tó tẹ ìlú dó ń wò láti òkè wá di ohun tó ń kọjá lẹ́yìn ìdáná. Kò sí ẹni tó ṣe é tinútinú. Ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ́ ilé tirẹ̀ níbi tí owó rẹ̀ ká, àmọ́ àpapọ̀ rẹ̀ ni ìlú ńlá kan tó gbé òkè rẹ̀ tó le koránkorán sórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní ìsàlẹ̀.

Àwọn tó ń kọ ìtàn omíyalé n'Ìbàdàn ka ọdún 1951, 1955, 1960, 1963, 1978, kí wọ́n tó dé 1980. Ìyẹn ni pé ìkìlọ̀ kò wọ́n.

Nàìjíríà ní irú ìkún omi méjì, àṣìṣe tó sì ń ná ẹ̀mí jù ni pé àwọn ènìyàn ń fi ojú kan náà wò wọ́n. Ti odò ńlá ń rìn, ọjọ́ ni wọ́n sì fi ń ka ìrìn rẹ̀. Nígbà tí dáàmù Lagdo ní Kamẹrúùnù bá tú omi sílẹ̀, omi náà ní láti gba Yọlá, kó gba Mákúdí, kó tó bá Odò Ọya pàdé ní Lọ́kọ́jà. Ní 2012, irú omi bẹ́ẹ̀ lé ju mílíọ̀nù méjì ènìyàn kúrò nílé, ó sì pa 363. Ní 2022, àwọn tó kú lé ní 600, àwọn tó sì sá kúrò nílé jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.4. Ìparun ńlá ni, kò sí ẹni tó lè fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Lọ́kọ́jà ń rí i tí omi ń gun àtẹ̀gùn ní ìdíwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ lójúmọ́. Ó lè kó ẹrù, ó lè kó ọmọ, ó lè ti ìlẹ̀kùn.

Irú kan náà ló ń bá àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ Odò Ògùn. Dáàmù Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní 1983, ń gba omi pamọ́, nígbà tí ó bá sì kún, wọ́n á tú u sílẹ̀. Omi náà á gba Abẹ́òkúta kọjá, á dé Ìṣẹrì, á dé Ajégúnlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú, á dé àyíká Mile 12. Ní oṣù kẹwàá 2010, ọ̀pọ̀ ẹbí ní Ajégúnlẹ̀ náà kó jáde nítorí rẹ̀. Àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ mọ oṣù tí ó máa ń dé, wọ́n mọ ìpele ògiri tí ó máa ń dé, àwọn kan tilẹ̀ ní ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn ilé. Ìyà ni, àmọ́ ìyà tí ó ní kàlẹ́ńdà.

Odò kékeré kò ní kàlẹ́ńdà. Ògùnpa, Kúdẹtì, Ògbéré, àti àwọn ìṣàn tí kò tilẹ̀ lórúkọ lórí máàpù, ìrìn wọn láti orísun dé ibi tí wọ́n ti ń ṣọṣẹ́ kò ju ìrìn wákàtí mélòó kan lọ fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Omi tó bọ́ sórí òkè ní agogo mẹ́jọ alẹ́ lè wà nínú pálọ̀ ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀ kí agogo mẹ́sàn-án tó lù. Kò sí àjọ kankan tó lè ka odò bẹ́ẹ̀ lójú ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Ohun tí wọ́n lè sọ ni pé òjò líle ṣeé ṣe ní agbègbè báyìí. Ìyókù dọwọ́ ẹni tó bá lajú sílẹ̀.

Ó tún yẹ kí a wo oṣù tí nǹkan wọ̀nyí ń ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ. Àsìkò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ pé òjò ti sinmi nìyẹn, tí àkọ́rọ̀ ti kọjá, tí àrọ̀kúrò kò tíì wọlé dáadáa. Wọ́n á ti sinmi ìṣọ́, wọ́n á ti dá iṣẹ́ gọ́tà dúró. Bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ti mu omi oṣù kẹfà àti oṣù keje yó, kò sì tíì gbẹ. Òjò kan ṣoṣo tó bá fi agbára dé lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní rí ibi wọ̀, ojú ilẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ yóò gbà.

Ohun mìíràn tó ń tan ènìyàn jẹ ni ojú ọ̀run tó wà lórí ilé tirẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá 2024, ní agbègbè Valencia ní Sípéènì, mìlímítà 491 òjò rọ̀ láàárín wákàtí mẹ́jọ ní Chiva tó wà ní òkè. Ní Paiporta tó wà ní ìsàlẹ̀, òjò fẹ́rẹ̀ẹ́ má rọ̀ rárá. Ojú ọ̀nà gbẹ, àwọn ènìyàn ń tibi iṣẹ́ bọ̀, àwọn kan sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gáréèjì abẹ́ ilé láti gbé mọ́tò wọn jáde. Ìṣàn kan tí kì í ní omi fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, Barranc del Poyo, ló gbé omi Chiva wá bá wọn. Agogo mẹ́jọ alẹ́ kọjá ìṣẹ́jú 11 ni ìkìlọ̀ dé sórí fóònù àwọn ará agbègbè náà, nígbà tí omi ti wà láàárín ìlú. Àwọn tó kú lé ní 220. Orílẹ̀-èdè tó ní rédà ni, tó ní sátẹ́láìtì, tó ní fóònù lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Ìkìlọ̀ tó pẹ́ fún wákàtí kan kò yàtọ̀ sí èyí tí kò dé, ìyẹn sì ló mú kí òǹkọ̀wé yìí máa tẹnu mọ́ ọn pé kí àdúgbò má fi gbogbo ìrètí rẹ̀ sọ́dọ̀ ìjọba, kódà níbi tí ìjọba ti lówó.

Ní tòsí ilé, Mokwa. Ìlú ọjà ni Mokwa ní ìpínlẹ̀ Niger, àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ ọ́n dáadáa nítorí ẹ̀wà àti àlùbọ́sà. Ní ìdájí ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2025, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn wà lójú oorun, omi gbá àdúgbò Tiffin Maza àti Anguwan Hausawa lọ. Àwọn tó kú lé ní 150. Àwọn ará ìlú ṣàlàyé pé ebè ilẹ̀ gíga tí ojú irin gbà kọjá ló dá omi dúró. Àwọn ihò tí omi máa ń gbà lábẹ́ rẹ̀ kò gbà á mọ́, omi ń ga lẹ́yìn ebè náà, títí tí ebè fi já. Èyí tó wá dé bá wọn lẹ́yìn náà kì í ṣe òjò mọ́, omi adágún tó já ni.

Ibí yìí gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ wà, ó sì yẹ kí ẹni tó ń gbé lẹ́bàá odò kékeré mọ̀ ọ́n bí ó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Afárá kékeré àti kọ́fátì, ihò tí omi ń gbà kọjá lábẹ́ ọ̀nà, ni ojú ikú. Ẹnjiníà tó ṣe ihò abẹ́ afárá ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn wọn ihò náà fún omi ìgbà yẹn, nígbà tí ilé kò tíì pọ̀ lókè odò. Lónìí, omi tó ń bọ̀ ti di ìlọ́po, ihò sì wà bó ṣe wà. Kí a tó dé orí pàǹtírí rárá nìyẹn. Omi nìkan ì bá ṣì rí ọ̀nà yọ́ kọjá. Ṣùgbọ́n igi tó wó, mátírẹ́ẹ̀sì, táyà, ike, àti ọ̀rá piọ́wọ́tà tí kò lóǹkà a máa wá bá omi dé ẹnu ihò náà. Ọ̀rá ló burú jù nínú gbogbo wọn, nítorí pé ó máa ń lẹ̀ mọ́ igi, ó máa ń dí àlàfo tí igi fi sílẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, afárá ti di dáàmù tí kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Àwọn tó wà lókè rẹ̀ ni omi kọ́kọ́ kún bá. Nígbà tí ìdènà náà bá wá já, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ló kàn.

Ta ló ń kó pàǹtírí síbẹ̀? Gbogbo ẹni tó bá ti gbé ní ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá ló mọ̀. Òjò á ṣú, àwọn ènìyàn á sì gbé garawa ìdọ̀tí jáde, wọ́n á dà á sínú gọ́tà kí àgbàrá lè bá wọn gbé e lọ. Inú ń bí òǹkọ̀wé yìí sí ìwà náà, kò sì tijú láti sọ ọ́. Àmọ́ ó tún mọ̀ pé níbi tí ọkọ̀ ìkólẹ̀ kì í ti í dé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí ojú ọ̀nà kò gba ọkọ̀, tí owó tí wọ́n ń béèrè ju agbára lọ, ìyá arúgbó tó ń da ilẹ̀ sínú àgbàrá kò ní ibòmíràn tí yóò dà á sí. Ẹni tó bá fẹ́ kí ihò afárá ṣí sílẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ibi tí ìdọ̀tí yóò máa lọ. Iṣẹ́ ìmọ́tótó ọjọ́ Sátidé òpin oṣù tí wọ́n fi ń wa yẹ̀pẹ̀ gọ́tà sí etí gọ́tà, tí òjò àkọ́kọ́ sì tún gbá a padà sínú rẹ̀, kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ògiri ọgbà náà ń ṣe iṣẹ́ ibi tirẹ̀. Nígbà tí ènìyàn bá mọ fẹ́ǹsì yí pílọ́ọ̀tì rẹ̀ ká, tí kò fi ihò kankan sílẹ̀ nísàlẹ̀ níbi tí omi ti ń gbà kọjá tẹ́lẹ̀, omi á fẹ̀yìn tì í. Mítà kan omi níbùú, lóròó àti ní gíga wúwo tó tọ́ọ̀nù kan. Bíríkì tí wọ́n kàn tò léra láìní irin nínú kò lè dúró fún un, tí ó bá sì wó, ilé ẹlòmíràn ló máa ń wó lù. Àgbàrá òjò kò ní òun ò ní í wólé, onílé ni kò ní í gbà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà lónìí ni pé onílé ti òkè tó kọ̀ ló ń darí rẹ̀ sí ti ìsàlẹ̀.

Nípa kíkọjá nínú omi, ọ̀rọ̀ kò gba àríyànjiyàn. Omi tó ń ṣàn tí ó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15, tí kò fi bẹ́ẹ̀ kọjá kókósẹ̀, lè gbé ẹsẹ̀ àgbàlagbà nílẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 30 lè gbé ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré, 60 sì tó láti gbé èyí tó pọ̀ jù nínú mọ́tò tó wà lójú pópó, jíìpù pẹ̀lú. Ìdí rẹ̀ ni pé mọ́tò kékeré kò wúwo ju bíi tọ́ọ̀nù kan lọ, abẹ́ rẹ̀ sì fẹ̀. Omi ń gbé e sókè láti ìsàlẹ̀, ìṣàn sì ń tì í láti ẹ̀gbẹ́. Tí ìṣàn bá sì yára ní ìlọ́po méjì, ìtì rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí ẹni tó kọjá lánàá láìfarapa mọ ohun tí omi tòní lè ṣe, bí ó tilẹ̀ jọ pé kò jìn ju ti àná lọ. Lẹ́yìn èyí, kò sí ẹni tó mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ omi pípọ́n. Ojú ọ̀nà lè ti wó, kọ́fátì lè ti ṣí, gọ́tà tí kò ní ìdérí lè wà níwájú. N'Ìbàdàn àti l'Ékòó, inú gọ́tà bẹ́ẹ̀ ni omi ti ń gba ọmọdé lọ́wọ́ ìyá wọn.

Dẹ́rẹ́bà kórópe tí èrò ń pariwo lé lórí pé kó máa lọ, ọlọ́kadà tó fẹ́ dé ilé kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá, àwọn wọ̀nyí nílò kí àwọn ará ọkọ̀ fún wọn láyè láti yí padà. Ó rọrùn láti dá wọn lẹ́bi nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ẹni tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ tó sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká dúró," ti ṣe iṣẹ́ olùdóòlà.

Odò náà ní àmì tirẹ̀ fún ẹni tó bá ń wò ó. Tí omi tó mọ́ bá pọ́n lójijì nígbà tí òjò kò tíì rọ̀ níbẹ̀, òjò ń rọ̀ lókè. Tí ewé, ìtì àti ẹ̀ka tútù bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kọjá, omi ti kọjá etí níbìkan. Ìró òkúta tó ń yí lábẹ́ omi máa ń ṣáájú omi ńlá. Àmì tó burú jù ni èyí tó ń fi ọkàn ènìyàn balẹ̀: kí òjò máa rọ̀ lọ́wọ́, kí odò sì ṣàdédé fà. Ìdènà ti wà lókè nìyẹn, omi ń kó jọ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá rí i kò gbọdọ̀ dúró láti wò ó, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ gun orí afárá láti fi fóònù ya fídíò.

Kí ni ìjọba ti ṣe? Lẹ́yìn 1980, wọ́n fẹ Ògùnpa, wọ́n fi kọ̀ǹkéré gbá etí rẹ̀, iṣẹ́ náà sì ti ọwọ́ ìjọba kan bọ́ sí òmíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lẹ́yìn 2011, ìjọba Abíọ́lá Ajímọ̀bi wó àwọn ilé kan tó wà létí odò, ní 2014 sì ni Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ Ibadan Urban Flood Management Project, tí wọ́n fi tún afárá, kọ́fátì àti dáàmù Ẹlẹ́yẹlé ṣe. Àtúnṣe gidi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹkéré tí wọ́n fi gbá odò ń jẹ́ kí omi sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àdúgbò tí kọ̀ǹkéré náà bá sì parí sí ni yóò gba gbogbo eré náà. Fífẹ odò láìfi ilẹ̀ sílẹ̀ fún un ń sún ìyọnu síwájú ni.

Àwọn ibì kan wà tí wọ́n ti fi ilẹ̀ sílẹ̀. Valencia kan náà tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè, Odò Turia kún bò ó ní 1957, ó sì pa ó kéré tán ènìyàn 81. Wọ́n gbẹ́ ọ̀nà tuntun fún odò náà ní gúúsù ìlú, wọ́n sì sọ ipa odò àtijọ́ di ọgbà ìgbafẹ́. Ní 2024, àárín ìlú kò rí omi, àwọn ìlú kéékèèké tó wà ní gúúsù ọ̀nà tuntun náà ló fara gbá a. N'Ìbàdàn, wọ́n tún Ọgbà Agodi kọ́ lẹ́yìn tí omíyalé ti gbá ti àkọ́kọ́ lọ, èrò òǹkọ̀wé yìí sì ni pé kò sí ohun tó dára ju ọgbà lọ tí ìlú lè fi sí ẹ̀bá Ògùnpa. Tí odò bá gba ọgbà fún wákàtí mẹ́ta, àga àti òdòdó ló bàjẹ́.

Òṣogbo ní àpẹẹrẹ tó tilẹ̀ dàgbà ju ìyẹn lọ. Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ohun ìní àgbáyé ní 2005, gba hẹ́kítà 75 lẹ́bàá odò. Kò sí ẹni tó kọ́ ilé ìtajà síbẹ̀. Èèwọ̀ ló pa á mọ́, iṣẹ́ Susanne Wenger àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ sì tún un ṣe nígbà tí ó ń parun lọ. Òfin tó ní kí ilé jìnnà sí etí odò wà nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fi ọ̀dà pupa kọ àmì sára ilé lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́ ọ tán pọ̀ ju àwọn tó dá iṣẹ́ dúró nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ lọ. Ará Òṣogbo kò dúró de ọ̀dà pupa.

Ẹni tó ń wá ilé gbà nísinsìnyí kò lè dúró de òfin. Kí ó wo ògiri. Omi tó wọ ilé máa ń fi ìlà pọ́npọ́n sílẹ̀ lára ògiri, sára ìlẹ̀kùn, sí ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Onílé á kun ilé, ó lè má rántí kun ilé tó wà lódìkejì. Kí ó wo bí àwọn ará àdúgbò ṣe gbé jẹnẹrétọ̀ wọn: tí gbogbo wọn bá gbé e sórí bíríkì gíga, ìdí wà. Kí ó béèrè lọ́wọ́ ìyá oníàkàrà tó ti wà ní ìkóríta náà fún ogún ọdún, nítorí kò ní èrè kankan níbi irọ́. Kí ó sì lọ wo ilé náà nínú oṣù keje, kì í ṣe oṣù kejì.

Ní ti ìkìlọ̀, NiMet ń sọ bí òjò ọdún yóò ṣe rí, Nigeria Hydrological Services Agency sì ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ ìkún omi jáde lọ́dọọdún. Wọ́n wúlò. Wọ́n ń dárúkọ ìjọba ìbílẹ̀, wọn kò sì lè dárúkọ kọ́fátì. Ohun tó ń dárúkọ kọ́fátì ni ìlà tí wọ́n fi ọ̀dà fà sára òpó afárá, funfun nísàlẹ̀, yẹ́lò láàárín, pupa lókè, àti ẹnì kan lókè odò tó ní nọ́ńbà fóònù ẹnì kan nísàlẹ̀ odò. Nígbà tí omi bá bo yẹ́lò lókè, ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́. Ẹ̀ṣọ́ alẹ́ àdúgbò lè ṣe é, nítorí pé òun ló ń lajú sílẹ̀ ní àsìkò tí òjò wọ̀nyí fẹ́ràn jù. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́sálásí lè gbé e dé etí ẹni tí kò ní fóònù. Níbi tí nǹkan bá ti wá le, nọ́ńbà 112 wà fún ìpè pàjáwìrì, àwọn ará Èkó sì tún ní 767.

Kí wọ́n sì ti mọ ibi tí wọ́n ń sá lọ. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ orí òkè, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí ẹsẹ̀ lè gbé ènìyàn dé láìkọjá afárá kankan, kí arúgbó àti aboyún lè débẹ̀ nínú òkùnkùn. Ọ̀pọ̀ àdúgbò ní irú rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Àgádágodo máa ń wà lẹ́nu géètì rẹ̀ láti agogo mẹ́ta ọ̀sán, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ní kọ́kọ́rọ́ sì lè máa gbé ní òdìkejì odò. Ìpàdé lándílọ́ọ̀dù tó bá fẹ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ omíyalé kí àkọ́rọ̀ tó dé lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀: kí wọ́n gé kọ́kọ́rọ́ kejì, kí wọ́n sì fi í sọ́wọ́ ẹnì kan tó ń sùn sí òkè.